Ohun Tó Kọ̀ Ni Mò Ń Kọ

Ìbọn mẹ́ta ló tò sórí aṣọ ìnura
nínú yàrá ìbọn tó wà lẹ́yìn bárékè wa l'Ọ́balendé,
yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kò ju ojú ìwé kan lọ.
"Mú èyí tó wù ọ́," Bàbá Ọ̀ṣínúbi wí,
ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ mi
bí ìyá ọkọ ṣe ń wo ìyàwó tuntun nídìí ààrò.

Ọ̀kan ń dán bí omi ọ̀sà ní ìdájí.
Òun ni mo mú.
Bàbá kò rẹ́rìn-ín, kò bínú,
ó kàn ṣí ìwé eléwé ọgọ́ta kan tí òróró ti rin igun rẹ̀:
"Ọjọ́ kẹta oṣù Èrèlé, ó kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
Ọjọ́ kẹsàn-án, ọta há a lọ́fun.
Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀: ó kọ̀, ó kọ̀, ó dún, ó kọ̀.
Àwọn ọ̀gá ń kọ ohun tí ìbọn pa.
Abọ́sẹ̀dé, ohun tó kọ̀ ni mò ń kọ."

Àgbà ní ìbọn lápátí, ìbọn ò lápátí,
ta ní jẹ́ jẹ́ ká kọjú ẹ̀ kọ òun?
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà níwájú ìbọn ló pa òwe yẹn.
Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀,
kò ní nǹkan mìíràn ju apátí lọ.

Ẹ bi Kọ́púrà Màútìn, ọmọ Àgbádárìgì.
Òun ló gbé èyí tó ń dán lọ́dún tó kọjá.
Lálẹ́ ọjọ́ kan ní Ìdúmọ̀tà, àwọn méjì yọ àdá sí i,
ó fà á yọ, ó tẹ̀ ẹ́,
"Kẹ́."
Kẹ́ péré, bí ẹni ṣẹ́ ìka.
Ẹsẹ̀ ló gbà á là.
Títí di òní, bí ìyàwó rẹ̀ bá tẹ bọ́tìnnì iná nínú yàrá,
Màútìn á ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Èkejì kéré, ó wọ àpò bí ẹyin,
ṣùgbọ́n bí òógùn bá ti kan ọwọ́, ó ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀,
ó sì ń ṣa ọta jẹ
bí ọmọ olówó tó ń ṣa ẹran inú ọbẹ̀.

Ó ku ẹ̀kẹta, dúdú, ó ti họ bí ìdí ìkòkò.
"Èyí tí a nù, tí a fi òróró pa, tó wá dún ní pápá,
ẹ̀rí kọ́ nìyẹn," Bàbá wí.
"Iyọ̀ ni afẹ́fẹ́ Èkó. Iyọ̀ ni òógùn ìbàdí rẹ.
Gbé e kiri fún ọ̀sẹ̀ méjì. Má nù ún.
Lẹ́yìn náà, kí o wá bi í léèrè."

Mo gbé e dúró lẹ́nu ọ̀nà báǹkì ní Màrínà,
mo gbé e gba abẹ́ òjò,
mo gbé e jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń gún mi légbẹ̀ẹ́ nígbà ìwàásù.
Eruku wọ̀ ọ́, òwú aṣọ wọ̀ ọ́,
èérún búrẹ́dì wọ̀ ọ́, mi ò mọ bó ṣe débẹ̀.

Ní pápá ìyìnbọn n'Íkẹjà, igba ọta ni Bàbá kà sílẹ̀.
Mo yìn, ó dún. Mo yìn, ó dún.
Etí mi di. Àtàǹpàkò mi bó.
Ó ku mẹ́sàn-án,
ewúrẹ́ kan kàn yọ lẹ́yìn pátákó,
ó ń jẹ koríko, kò tilẹ̀ wò wá.
Ìka mi dúró lórí apátí.
Mo dúró títí ó fi jẹun tán.

Bàbá Ọ̀ṣínúbi fi itọ́ ra ẹnu bírò rẹ̀.
Ó kọ: Igba ọta. Ìbọn kò kọ̀.
Ó ronú díẹ̀.
Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: Abọ́sẹ̀dé kọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Bàbá, ṣé ìyẹn burú ni?"
Ó pa ìwé dé, ó na ìbọn náà sí mi, ìdí rẹ̀ níwájú.
"Èmi ò ṣe adájọ́.
Mo kàn ń kọ ọ́ ni."